Dèjì Olóòkú àti Èèpo Ìwé Màmá Agatha

Ní Òkìtìpupa, bí o bá sọ fún ọlọ́kadà pé kó gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dèjì Adébọ̀wálé, yóò wò ọ́ bọ̀ọ̀, yóò ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Dèjì Olóòkú lo ń wá, o kò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí yóò ti ní kí o gòkè. Wọn kò fi orúkọ yẹn bú u o. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Pósítà òkú ló ń ṣe, àti báńà òkú, àti kálẹ́ńdà tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ògiri tó dúró dáadáa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí iṣẹ́ Dèjì kò tíì lẹ̀ mọ́ rí.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó ń kú ní Iyansan, ní Akotogbo àti láwọn abà tó yí wọn ká, wọn kò ní fótò tó dára. Ohun tí àwọn ọmọ wọn máa ń mú wá kò ju fótò kékeré ara káàdì ìdìbò lọ, níbi tí ojú ìyá ti le bí ojú ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Dèjì á gba fótò náà, á fi kọ̀ǹpútà gé orí ìyá kúrò lọ́rùn, á sì wá ara gidi gbé e lé. Ara pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ara tó wọ léèsì, ó ní èyí tó wọ àrán, ó ní ara tó dúró àti ara tó gúnwà sórí àga. Lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà àtijọ́ ló ti kó wọn jọ, nítorí bí ẹnìkan bá mú fótò tí aṣọ rẹ̀ dára wá, Dèjì kì í jẹ́ kí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ lásán.

Inú àwọn ọmọ olóòkú máa ń dùn. Ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ró aṣọ kan ṣoṣo lọ sóko ni wọ́n ń wò nínú léèsì yẹn, tó fi báàgì sórí ẹsẹ̀, tí ojú ọ̀run là lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹyẹ àdàbà sì ń fò lórí rẹ̀. Wọ́n á sunkún, wọ́n á tún dúpẹ́. Láti ìgbà tí Dèjì ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó bá a wíjọ́ rí. Ta ni yóò bá a wí? Òkú kì í wo pósítà ara rẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ yẹn ń dun Dèjì dénú eegun. Bó bá lọ kí aláìsàn, àwọn ará ilé á máa wo ara wọn lójú, ẹnìkan á sì yára sọ fún un pé ara aláìsàn ti ń yá gan-an, pé kò sídìí láti jókòó pẹ́. Bó bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, aláwàdà kan á béèrè pé ta ló kú. Ìyàwó rẹ̀, Olúfúnmiláyọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í bínú sí i, ó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Dèjì náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá wọlé tán, á jókòó, á ní, "Èmi náà fẹ́ ṣe ohun tí ẹni tó wà láàyè yóò mú lọ́wọ́." Ìwé ló wù ú. Ó gbà pé bí òun bá lè ṣe èèpo ìwé kan ṣoṣo tó dára, tí àwọn ènìyàn rí i, àwọn pásítọ̀ tó ń kọ̀wé àti àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń wá ilé ìtẹ̀wé kiri yóò máa wá sọ́dọ̀ òun, orúkọ yẹn yóò sì kúrò lára òun díẹ̀díẹ̀.

Ìwé náà sì wá. Màmá Agatha Adéìfẹ́ ló kọ ọ́. Akotogbo ni màmá yìí ń gbé, epo pupa ló ń tẹ̀ níbẹ̀, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí Dèjì àti ìyàwó rẹ̀ náà ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ gbogbo ìwé náà, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, àti bó ṣe fi epo títẹ̀ tọ́ gbogbo wọn. Ó pe ìwé náà ní *Epo Kò Tán Lẹ́sẹ̀ Mi*. Olúfúnmiláyọ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ tán, ojú rẹ̀ wú, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, kà á kó o tó ṣe èèpo rẹ̀."

Dèjì ní òun yóò kà á. Kò kà á. Ẹni tó ń ṣe pósítà kì í béèrè bí òkú ṣe gbé ayé rẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ orí ló máa ń béèrè, ibi tí ọgbọ́n Dèjì sì mọ nìyẹn.

Màmá Agatha fúnra rẹ̀ ló mú fótò wá. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ rẹ̀ ló yà á níbi iṣẹ́. Ó dúró nínú ẹkù, kòtò tí wọ́n ti ń tẹ epo, ó ró aṣọ mọ́ àyà, èjìká rẹ̀ méjèèjì wà níta, epo mù ún dé orúnkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, tí àlàfo eyín tó ti ká wà gbangba. Màmá fi ìka kan fótò náà.

"Èyí ni kó o lò, ọmọ mi. Uṣẹ́ mi nìyí." Ahọ́n Akotogbo kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti wù kó máa wá sí ìlú tó.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Dèjì wí.

Ẹ má sì jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, èyí tó kọ́kọ́ ṣe dára. Ó jẹ́ kí fótò náà gba gbogbo ojú ìwé, ó kọ orúkọ ìwé sókè gàdàgbà, ó kọ orúkọ màmá sísàlẹ̀, kò sì fi nǹkan mìíràn sí i. Bí ènìyàn bá rí i láti òdìkejì títì, á mọ ohun tí ìwé náà ń sọ. Olúfúnmiláyọ̀ wò ó títí, ó ní, "Má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́."

Ká ní ó gbọ́ràn ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Àpọ́sítélì Adéríbigbé tó jẹ́ olórí ìjọ wọn dìde, ó kéde pé àwọn àgbà ìjọ láti Àkúrẹ́ ń bọ̀ níbi ìkójáde ìwé Màmá Agatha, pé àwọn kan láti yunifásítì náà ń bọ̀, pé kí gbogbo ìjọ múra. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Dèjì náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń bù máṣọ. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, tó ṣí iṣẹ́ náà, kò fi ojú ara rẹ̀ wò ó mọ́, ojú àwọn àlejò ló fi wò ó. Ó rí ìyá àgbà kan tó ró aṣọ mọ́ àyà. Ó rí èjìká tí oòrùn ti sun. Ó rí àlàfo eyín. Ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ojú ń tì í nítorí màmá, ojú sì ń tì í nítorí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á béèrè pé ta ló ṣe èyí. Wọ́n á ní ṣé ibi tí ọwọ́ Dèjì mọ nìyí, fótò ẹkù lásán, tí kò fi ohun kankan sí i.

Ó bá ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gé orí Màmá Agatha kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó lọ sáàárín àwọn ara tó kó pamọ́, ó mú obìnrin kan tó wọ léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó jókòó sórí àga, tó fi báàgì dúdú sórí ẹsẹ̀, tó wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga. Orí jókòó dáadáa lórí ọrùn náà. Ó wá gèlè fún un. Ó dí àlàfo eyín náà, ó fi eyín funfun méjì sí i. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ wá gbóná. Ó fi ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi Bíbélì tó ṣí sílẹ̀ sí apá ọ̀tún, ó fi àdàbà sókè, ó fi òdòdó yí i ká, ó sì kọ orúkọ ìwé náà ní àwọ̀ pupa tó ní etí wúrà, débi pé ó ṣòro láti kà láàárín gbogbo ohun tó ń dán. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Dèjì jókòó sẹ́yìn, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Kò fi han ìyàwó rẹ̀.

Òjò ti ba ọ̀nà Akotogbo jẹ́ nígbà náà, Màmá Agatha kò lè wá wo iṣẹ́. Ó pe Dèjì lórí fóònù.

"Dèjì, fótò mi wà níbẹ̀ ṣá?"

"Ẹ̀yin gan-an ni, Màmá. Mo kàn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ díẹ̀ ni."

"Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ," ni màmá wí. Dèjì sì ṣe àmín.

Ìwé dé láti ilé ìtẹ̀wé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa mọ́ inú páálí, kò sì sẹ́ni tó ṣí i kí ọjọ́ ìkójáde tó pé. Dèjì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe báńà ńlá kan tó gbé èèpo ìwé náà jáde bó ṣe rí, ó ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀bùn òun fún màmá. Wọ́n gbé báńà náà kọ́ sí iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó.

Lọ́jọ́ ìkójáde, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Gbogbo ìjọ wà nínú aṣọ funfun, kò sì sẹ́ni tó wọ bàtà, nítorí wọn kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà náà. Màmá Agatha jókòó ní iwájú pẹ̀lú aṣọ funfun tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Dèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó ti ń ronú ohun tí òun yóò sọ bí wọ́n bá pe òun jáde. Àpọ́sítélì gbàdúrà gígùn, ó sì fa aṣọ náà kúrò lójú báńà.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ilé dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń retí kí ẹnìkan dárúkọ ọjọ́ ìsìn òkú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kékeré kan jáde láti apá àwọn ọ̀dọ́, ẹni tó ń rín in sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Olúfúnmiláyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú padà, ó wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn àgbà láti Àkúrẹ́ tẹ̀ sí etí Àpọ́sítélì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. Ó ní, "Ṣé màmá tó kọ̀wé náà ti sùn ni?"

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Catherine fi wọlé. Catherine ni àbúrò Màmá Agatha tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, Iyansan ló ti ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà ló sì dá a dúró. Ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, ó gbójú sókè, ó sì rí báńà. Ó ti rí báńà irú bẹ́ẹ̀ rí, ta ni kò tíì rí i ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀? Ó mọ àdàbà yẹn. Ó mọ òdòdó yẹn àti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn orí. Ó ká ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó sì figbe ta pé Agatha ti lọ, pé wọn kò sọ fún òun, pé ìwé ni wọ́n ní àwọn ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn ti ń pa mọ́ bú jáde, àwọn kan sì ń sunkún nítorí ẹkún Catherine, àwọn mìíràn ń ṣe méjèèjì pọ̀. Màmá Agatha ló dìde. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún rìn dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó fà á dìde, ó ní, "Èmi nìyí. Fọwọ́ kàn mí." Catherine fọwọ́ kàn án lójú, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó tún wo báńà.

Dèjì gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ kò lanu. Ó rí i pé gbogbo ènìyàn ti ń wá ojú òun kiri. Àwọn àgbà máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé àwọn tó sọ ọ́ kò fi ṣeré.

Màmá Agatha kò jẹ́ kí ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí ìjọ, ó ní, "Ẹ bá mi kí ọmọ mi Dèjì. Òun ló ṣe èyí fún mi. Ó ṣe báńà yìí lọ́fẹ̀ẹ́." Ìjọ kí i. Wọ́n ní kó kú iṣẹ́. Kí wọ́n bú u ni ì bá dára. Bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá dúró lójú gbogbo ayé tó ń wá aṣọ bo ìhòòhò rẹ, kò sí ibi tí o máa gbé ojú sí.

Wọ́n pín ìwé, ìsìn parí. Dèjì lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ igi màńgòrò, ibẹ̀ ni Màmá Agatha bá a. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Dèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Màmá ní kó dìde, kò dìde. Màmá bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìwé náà sórí ẹsẹ̀, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ láìbínú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Dèjì, kí ló ṣe ara mi?"

Dèjì wo ìwé tó wà lórí ẹsẹ̀ màmá. Kí ni ì bá sọ? Pé ojú tì mí nítorí yín? Pé mo rò pé ojú yín kò tó lójú àlejò? Ó ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Màá tún òmíràn ṣe. Mo ṣì ní fótò yín."

"Ṣé o ka ìwé náà?"

"Mi ò kà á, Màmá."

"Lọ kà á ná," ni màmá wí, ó sì lọ bá àwọn tó ń dúró dè é.

Nígbà tí Dèjì yóò fi padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ ti rí kálẹ́ńdà àtijọ́ kó jọ, wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun bo ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń bo ìwé wọn. Wọ́n ń fi bírò kọ orúkọ ìwé sórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà. Dèjì fẹ́ bá wọn kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ya àyè fún un, kò sì tọrọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló ka ìwé. Ibi tí ó dé tí kò lè kọjá ni ibi tí Màmá Agatha ti sọ nípa ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìjọ Aládùúrà. Ó ní nígbà tí wọ́n sọ fún òun pé wọn kì í wọ bàtà wọlé, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé. Epo ti mu ẹsẹ̀ òun, ó ti pọ́n dé kókósẹ̀, ọṣẹ kì í sì í mú un kúrò. Ó ní òun a máa jókòó sẹ́yìn pátápátá, òun a máa fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, nígbà tí wọ́n bá ń jó lọ síwájú, òun kì í lọ. Ó pẹ́ kí òun tó jó lọ síwájú. Lọ́jọ́ tí òun sì jó, òun bojú wo ẹsẹ̀ òun lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun rí i pé ẹsẹ̀ náà ló rán àwọn ọmọ òun níléèwé, ojú kò sì tì òun mọ́ láti ọjọ́ náà.

Dèjì pa ìwé náà dé. Bàtà onígìgísẹ̀ gíga ló wà lẹ́sẹ̀ obìnrin ara èèpo rẹ̀. Ó fi orí ti ògiri, ó sì sunkún bí ọmọdé. Olúfúnmiláyọ̀ gbé oúnjẹ fún un, púpurú àti ọbẹ̀ ẹja, kò jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

"Mo ní kó o má fọwọ́ kàn án mọ́," ló wí.

"O sọ bẹ́ẹ̀," ni Dèjì dá a lóhùn.

Ó rò pé ibi tí ìtìjú náà máa mọ nìyẹn. Ó ní ní ọjọ́ Ajé òun yóò lọ sí Akotogbo, òun yóò gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ fi han màmá, òun yóò tún ìwé náà tẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ó ń múra àtijáde nígbà tí Jùwọ́nlọ́lá wọ ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ni Jùwọ́nlọ́lá, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ó kí Dèjì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sì gbé ìwé Màmá Agatha kan sórí tábìlì. Èyí kò ní kálẹ́ńdà lára.

"Bùrọ̀dá Dèjì," ló wí, ó fi ìka kan ọwọ́ obìnrin tó di báàgì dúdú náà mú lára èèpo ìwé. "Iye mi nìyí, ìyá tó bí mi."

Dèjì tẹ̀ sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ọwọ́ náà. Ìka tó kéré jù níbẹ̀ ká kò, kò nà.

"Ọ̀bẹ ló gé iṣan rẹ̀ nígbà tó ń bẹ ẹ̀gẹ́," ni Jùwọ́nlọ́lá wí. "Láti ìgbà náà ni kò ti nà mọ́. Báàgì yẹn, èmi ni mo rà á fún un nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ. Ọjọ́ yẹn náà ló wọ léèsì yẹn. Nígbà tó kú, ẹ̀yin lẹ ṣe pósítà rẹ̀. Fótò yẹn la mú wá fún yín. Ìjì ti ká òrùlé wa lẹ́yìn ìgbà náà. Òjò ba gbogbo fótò tó wà nílé jẹ́. Mi ò ní ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ mọ́. Mi ò bá yín jà o, Bùrọ̀dá. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mo rí ọwọ́ rẹ̀. Fótò yẹn ni mo ní kí ẹ bá mi yọ, bó ṣe wà."

Dèjì tan kọ̀ǹpútà. Ó ń tàn án, ó sì ti mọ̀. Kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni pa àwọn ara yẹn mọ́, aṣọ ló fi ń pè wọ́n. Ó ṣí èyí tó pè ní léèsì ojú ọ̀run, ìjókòó. Obìnrin náà wà níbẹ̀ lórí àga, léèsì rẹ̀ mọ́ tónítóní, báàgì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Níbi ọrùn, Dèjì ti fi sùúrù dán an kí orí tí yóò bá tẹ̀ lé e lè jókòó dáadáa. Lókè ọrùn, kò sí nǹkan kan, funfun lásán ni.

Jùwọ́nlọ́lá wò ó. Ó yípo tábìlì wá, ó tún wò ó láti ìtòsí.

"Orí iye mi ńkọ́?"

Dèjì fẹ́ sọ pé òun yóò wá a. Ó fẹ́ sọ pé bóyá ó wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí níbòmíràn. Aṣọ ló ń tọ́jú, kò tọ́jú ojú ẹnikẹ́ni rí, nítorí ojú òkú kan kò wúlò fún òkú mìíràn. Gbogbo wọn ló ti gé, tó sì ti dànù. Pósítà tó ṣe fún ìyá náà kò sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́, oòrùn àti òjò sì ti jẹ èyí tó wà lára ògiri tipẹ́.

"Kò sí mọ́," ló wí. Ó tún un sọ. "Kò sí mọ́, Jùwọ́nlọ́lá. Èmi ni mo gé e."

Jùwọ́nlọ́lá kò pariwo. Ó fi etí aṣọ nu imú, ó sì ní kí ó bá òun tẹ èyí tó kù. Dèjì wá bébà tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo òkè ọrùn tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Dèjì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú ń tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sí.